Ẹwìrì Inú Ọkọ̀ Àtijọ́: Fífi Tọ́ọ̀bò sí Muscle Car àti Wíwà Á Lójú Títì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ nílùú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà níkàlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin rẹwáyà, ẹ̀yin tí ọ́ìlì kì í tán lábẹ́ èékánná yín, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ pọ̀ tó báyìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ire túká.

Kí n tó wọlé, ìyá kan nínú àwọn tó jókòó síwájú yìí yí ọkọ̀ mi po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí dàgbà jù ọ́ lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é. Chevrolet Nova ni, onílẹ̀kùn méjì. Wọ́n tún ní, "Ṣé kò sí owó ọkọ̀ tuntun ni?" Owó rẹ̀ wà, mà. Owó tí mo ti ná sórí èyí tó tuntun ún rà. Kí ló wá dé? Kí ló dé tí ènìyàn á fi gbé ọkọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á fi òmíràn sí i, á tún gbé tọ́ọ̀bò, ẹ̀rọ tó ń kì afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, lé e, á sì máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?

Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn mú. Ibi iṣẹ́, lọ́jọ́ Ajé. Ọkọ̀ tó lè sáré pọ̀ nílùú yìí. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gbé àwọn kan lọ sí pápá eré, wọ́n á sáré ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, wọ́n á tún gbé wọn padà sílé bí ẹni gbé aláìsàn. N kò bú wọn o, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó lè sáré, tó lè dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí kan nínú oòrùn oṣù kẹjọ Houston, tó lè yà lọ ra ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ní Bissonnet, tó sì tún gbé ọ délé láìjẹ́ pé o pe ẹnikẹ́ni, mélòó lẹ rí? Òun ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ibi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa.

Òfin kan wà ní General Motors láyé ọjọ́un: ọkọ̀ alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ju 330 kúbíìkì ínṣì lọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá fún ọkọ̀ ńlá, kékeré fún kékeré. Pontiac jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ General Motors. John DeLorean àti àwọn ẹnjiníà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ wo òfin yìí yípo. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì 389 tó jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, wọ́n kì í bọ inú Tempest tó jẹ́ alábọ́ọ́dé. Wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní àfikún lásán ni, tí oníbàárà lè san nǹkan bí 296 dọ́là lé owó ọkọ̀ fún. Òfin kò sọ ohunkóhun nípa àfikún. GTO ni wọ́n pè é, ọdún 1964 ló jáde, èyí tí wọ́n sì tà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn lé ní 32,000.

Bí ọ̀nà ṣe là nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1970, Chevrolet ti ń ta Chevelle tí wọ́n kọ 450 agbára ẹṣin sí ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lè rà á. Òun gan-an ni muscle car: ara ọkọ̀ tí kò wọ́n, ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ara náà lọ.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Owó ìdójútòfò di òkè fún àwọn ọ̀dọ́. Ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ tó mọ́ lọ́dún 1970. Ní 1973, àwọn Lárúbáwá dá epo dúró, epo wọ́n gógó, ènìyàn ń tò láti ra jálá díẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan kan o, ẹ̀yin àgbà. Epo tó wọ́n yẹn, tó pa ọkọ̀ ńlá níhìn-ín, òun náà ló da owó sí àpò Nàìjíríà lọ́hùn-ún. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kaduna. Ọkọ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Mushin nìyẹn, 504. Nígbà kúgbà tí mo bá ń nu Nova mi, mo máa ń rántí pé ìjì kan náà ló fẹ́ ọ̀kan sọnù tó fẹ́ èkejì wọ ilé wa.

Ẹ padà sí ìbéèrè ìyá. Kí ló dé? Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọkọ̀ tuntun lè lágbára ju Nova mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tuntun, kí lẹ rí? Ike dúdú. Ẹ ṣí ti Nova, ẹ ó rí ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ló bá wá, àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba ènìyàn láti dúró sí. Gbogbo bóòtù ló ṣe é dé. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ènìyàn lè tún un ṣe ni. Èmi tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ níṣẹ́, mo mọyì ìyẹn ju ohun tí mo lè fẹnu sọ lọ.

Ẹwìrì

Ó yá, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀bò. Ta ni nínú yín ló ti dé ilé àgbẹ̀dẹ rí? Ẹ rántí ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tó ń fi ẹwìrì fínná. Èédú kò yí padà. Irin kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn bá ń fín in, irin á pọ́n, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ó bá sinmi, iná á padà di iná lásán. Kí ló fi kún un? Afẹ́fẹ́ ni.

Tọ́ọ̀bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì. Fáànù méjì ló wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ, tí à bá tú dànù, ni ó ń yí fáànù àkọ́kọ́. Fáànù kejì, tó wà lórí ọ̀pá kan náà, á máa fa afẹ́fẹ́ tútù, á máa kì í mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Ọ̀pá náà lè yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ará Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí lọ́dún 1905, nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní Houston níbí, tí ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, ń tẹ gbogbo nǹkan ní nǹkan bí 14.7 pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ́ńjìnnì lásán ń rí mí nìyẹn. Bí tọ́ọ̀bò bá fi pọ́n-ùn mẹ́jọ kún un, afẹ́fẹ́ tó wọlé ti fi bí ìdajì lé. Bí ó bá fi 14.7 mìíràn kún un, ó di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì méjì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn baba wa ní eré tí ajá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàà ni fún ẹṣin. Èmi fi ojú mi rí ajá tó di ẹṣin.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá kì pọ̀ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ni ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi íńtákúlà sí iwájú ọkọ̀: ó dà bíi rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò kì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kí ó lè tutù.

Bí a kò bá tù ú lára, nọ́ọ̀kì ló ń bọ̀. Kí a yé ara wa níbí o. Ní Lágòs, bí mẹkáníìkì bá ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", òkú ni ó ń sọ, kí o lọ wá òmíràn ní Ladipo. Níbí, nọ́ọ̀kì ni ariwo tó ṣáájú ikú náà. Epo á gbiná fúnra rẹ̀ níbi tí kò yẹ, ooru àti ìkìmọ́lẹ̀ ló fà á. Iná plọ́ọ̀gì ń lọ sọ́hùn-ún, iná àjèjì ń bọ̀ níhìn-ín, wọ́n á pàdé lórí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà. Etí á gbọ́ ọ bíi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí tọ́ọ̀bò ń fẹ́, gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kí o má gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

General Motors fúnra wọn rí i. Ní 1962, ọdún méjì kí GTO tó dé, Oldsmobile gbé Jetfire jáde: V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) kékeré, 215 kúbíìkì ínṣì, 215 agbára ẹṣin, tọ́ọ̀bò lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń kì epo àti afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an tẹ́lẹ̀ kí tọ́ọ̀bò tó fi tirẹ̀ kún un. Kí nọ́ọ̀kì má bàa pa á, wọ́n fi ike omi kan sí i. Omi àti ọtí methanol ni wọ́n pò sínú rẹ̀, ó sì ń wọ́n díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì láti tù ú. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọ omi náà kún. Ọ̀pọ̀ kò rọ ọ́. Ọdún méjì péré ni Jetfire lò lọ́jà, ilé-iṣẹ́ sì yọ tọ́ọ̀bò kúrò lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n fi kábúrétọ̀ lásán rọ́pò. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé: ọkọ̀ tó bá ń béèrè ohun tí ẹni tó ń wà á kò ní rántí lọ́jọ́ Ajé, kò tíì parí.

Ohun tí wọn kò ní nígbà yẹn ni a ní báyìí. Kọ̀ǹpútà. Kábúrétọ̀ kò mọ̀ pé ooru pọ̀, kò mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Kọ̀ǹpútà ń kà á, ó ń wọn epo sí i, ó ń dá iná plọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ bí nọ́ọ̀kì bá ń bọ̀. Nígbà tí Buick fi kọ̀ǹpútà àti íńtákúlà darí tọ́ọ̀bò dáadáa lórí V6 kékeré, wọ́n ṣe GNX ní 1987, ẹyọ 547 péré. Ọkọ̀ dúdú yẹn fi eré ìbẹ̀rẹ̀ tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá ayé ìgbà náà sẹ́yìn.

A sì tún ní E85 ní àwọn ilé epo kan. Ọtí ni o, ẹ̀yin ìyá, ọtí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n pò mọ́ epo bẹntiróòlù díẹ̀. Ó máa ń tu inú ẹ́ńjìnnì lára bó ṣe ń gbẹ, nọ́ọ̀kì kì í tètè sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni: epo tí ẹ́ńjìnnì á mu á fi bí ìdá mẹ́ta lé. Ẹ rántí ìyẹn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó ra tọ́ọ̀bò

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi etí sí jù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin kì í jẹ́ kí a kíìkì ọkọ̀ tí a bá tún ṣe, àfi bí ó bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì rẹ̀. Ọkọ̀ yòówù kí ó jẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Mo ti mọ bó ṣe máa dúró. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa lọ."

Nova ọdún 1970 tí mo rà ní bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tó ń rọra lọ ní 1970, ó tó. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láti orí eré ńlá, ó gbóná, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀, ọkọ̀ á sì ń lọ. Nítorí náà bíréèkì dísìkì ni mo kọ́kọ́ rà, sí iwájú àti ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, sítíárìn, nítorí èyí tó bá a wá ti ń mì lọ́wọ́ bí eyín àgbà. Táyà gidi. Rédíétọ̀ tó nípọn àti fáànù oníná méjì. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe gbogbo ìyẹn, ọkọ̀ náà sì ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ibo ni tọ́ọ̀bò wà. Mo ní ó ń bọ̀.

Ara Nova tún ní ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò ní férémù tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Férémù kékeré kan wà níwájú, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ ara ọkọ̀. Bí agbára bá pọ̀, ara á máa lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Ẹ ó kàn rí i pé ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́. Irin méjì la máa ń jó mọ́ ọn lábẹ́, láti férémù iwájú dé ti ẹ̀yìn, kí ó lè di odindi kan.

Gíábọ́ọ̀sì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń sáré lọ sí Turbo 400, tó ti wà láti 1964. Orúkọ rẹ̀ ní Turbo nínú, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú tọ́ọ̀bò. Irin rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n gíà mẹ́ta péré ló ní, lójú títì márosẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa pariwo títí ẹ ó fi dé Galveston. Èmi lo 4L80E, oní-gíà mẹ́rin, nítorí mo ń ronú ọjọ́ Ajé.

Ẹ́ńjìnnì wá ńkọ́? Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ tó ti kú sí, mo yọ V8 lítà 5.3 lára Silverado ọdún 2003 kan tí wọ́n ti gbá lẹ́yìn. Bílọ́ọ̀kì onírin ni, 285 agbára ẹṣin láti ilé-iṣẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú u. Ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì: ríǹgì písítìnì. Ẹ mọ̀ pé ríǹgì ní ẹnu tó là díẹ̀. Bí ooru tọ́ọ̀bò bá dé, ríǹgì á gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á kan ara wọn. Bí wọ́n bá kan ara wọn, wọn kò ní ibi tí wọ́n máa lọ mọ́, wọ́n á já orí písítìnì. Mo fi fáìlì la ẹnu wọn títí ó fi lé díẹ̀ ní ìdajì mìlímítà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ríǹgì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó máa rí i láéláé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Wáyà ọdún 1970

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí àṣìṣe tèmi ni, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ tiyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, mo wà lórí títì márosẹ̀ I-10, mo kọjú sí Katy. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oṣù kan péré ni tọ́ọ̀bò tíì lò lórí ọkọ̀ náà, ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ rọ E85 sí i. Ọ̀nà ṣófo níwájú. Mo tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ gbé wa bí ẹni tí ìjì gbé, ìyàwó mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan, pá, bíi ìgbà tí ènìyàn bá fi òòlù lu ìkòkò. Èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn wa. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fi í rọra wọ́ lọ sí etí títì. A jókòó sínú koríko níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyàwó mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo tú u, písítìnì keje ti jó, ihò tó lè gba ìka wà lórí rẹ̀. Kí ló jó o? Mo wo tọ́ọ̀bò, kò sí nǹkan kan. Mo wo ríǹgì, ó pé. Mo wo kọ̀ǹpútà, ó ti ṣe gbogbo ohun tí mo ní kí ó ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a. Ibi tí mo rí i sí nìyí: wáyà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Pọ́ǹpù epo ń ti epo sí ínjẹ́kítọ̀, ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ní 58 pọ́n-ùn. Bí tọ́ọ̀bò bá ń fi pọ́n-ùn mẹ́jọ ti afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà ń ti epo padà sẹ́yìn. Epo gbọ́dọ̀ gòkè sí 66 kí ó tó lè wọlé bí ó ṣe yẹ. Pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, á fa iná púpọ̀ sí i. E85 sì rèé, tó ní kí epo pọ̀ sí i. Pọ́ǹpù tuntun, tó lágbára, ni mo rà. Ṣùgbọ́n wáyà tó gbé iná lọ bá a, ti ọdún 1970 ni. Mo ti rí i pé ó gbé iná, mo ní ó dára. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣeré, iná 13 fóòtì (volt) dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, mọ́kànlá ló ń dé ibẹ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ pọ́ǹpù, epo dín, afẹ́fẹ́ kò dín, iná inú písítìnì gbóná kọjá ààlà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ mi. Ní Mushin, rẹwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa kì í fi iná wo wáyà lásán. Ó máa ń ní kí ẹni kan tan iná ńlá, kí ẹlòmíràn fọn fèrè, kí ohun gbogbo máa ṣiṣẹ́, kí ó tó wọn iná tó dé ìdí. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ariwo ló fẹ́. Ó di ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wáyà tuntun tó nípọn láti orí bátìrì tààrà dé ìdí pọ́ǹpù, rílè rẹ̀, fíúsì rẹ̀. Mo sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé bí epo bá wálẹ̀ nígbà tí tọ́ọ̀bò ń fẹ́, kí ó pa agbára kíá, kí ó má bi mí. Láti ìgbà yẹn, ọdún márùn-ún rèé, ẹ́ńjìnnì yẹn náà ló wà níta.

Ohun méjì mìíràn tó ń pa tọ́ọ̀bò, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ wọn kíá. Ọ́ìlì tó bá tọ́ọ̀bò wọlé gbọ́dọ̀ ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí páìpù ìpadà bá kéré tàbí tó tẹ̀ sókè, ọ́ìlì á dúró síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò yẹ jáde, ọkọ̀ á máa yọ èéfín búlúù. Èkejì, ooru. Ilé fáànù èéfín lè pọ́n bí irin inú iná. Wáyà, páìpù bíréèkì, ohun tó bá lè yọ́, ẹ gbé e jìnnà tàbí kí ẹ fi aṣọ ooru wé e.

Lójú títì

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹni tó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ọkọ̀ yìí dà bí ọkọ̀ bàbá àgbà. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń di bíréèkì mú fún ọ, kò ní ohun tó ń dá táyà dúró bó bá ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀bò tún ní ìwà kan: kì í dé lójú ẹsẹ̀. O tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀, o rò pé kò sí nǹkan kan, o tún tẹ̀ ẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dé nígbà tí o wà lórí kọ́nà, tí òjò sì ti rọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú iwájú. Nítorí náà, a kì í tẹ̀ ẹ́ lórí kọ́nà. A ń dúró kí ọ̀nà tọ́, kí á tó rọra fi ẹsẹ̀ wá a kiri. Nínú òjò, èmi ń yí tọ́ọ̀bò mi wálẹ̀ dé ibi tó kéré jù.

Ní àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná kí ẹ tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá délé lẹ́yìn eré, ẹ má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó mí. Bí ẹ bá pa á lójijì, ọ́ìlì tó wà lára ọ̀pá gbígbóná yẹn á jó di èédú, ó sì ń jẹ ọ̀pá náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn awakọ̀ wa látijọ́ kì í dá ọkọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí Ògún. Yálà ẹ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ oríkì rẹ̀ rí: ó lómi sílé fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò mọ muscle car, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irin. Mo ti lọ sí ìsìnkú ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí tó jẹ́ pé eré ọkọ̀ ní òru ló pa á. Ọmọ ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ kò lè dìde lórí àga. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó mọ̀ wọ́n wà níbí.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sáré ní títì. Ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní pápá ti jìnnà báyìí. Òótọ́ ni, èyí tó wà ní Baytown, tí gbogbo wa ń lọ, ti ti ilẹ̀kùn láti 2023. Ó dùn mí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń jẹ́ kí ọkọ̀ yìí lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà. Wíwà á lọ síbẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Láti 2005 ni Drag Week ti wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ wọn sáré ní pápá kan lónìí, tí wọ́n á sì wà á fúnra wọn lọ sí pápá mìíràn lọ́la, nǹkan bí 1,000 máìlì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìsí ọkọ̀ tó ń gbé e lẹ́yìn. Àwọn Nova oní-tọ́ọ̀bò máa ń wà níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ kí n tó dàgbà jù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ bá mi lọ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Ní ti ìwé àṣẹ, kò le. Àyẹ̀wò èéfín ti Texas kò kan ọkọ̀ tó ti ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ní California, ọkọ̀ ọdún 1975 àti èyí tó dàgbà jù ú lọ kò sí nínú tiwọn. Ẹ ṣàlàyé fún onídójútòfò yín tòótọ́tòótọ́ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má bàa rí àwáwí lọ́jọ́ ìṣòro.

Mo rí i pé oúnjẹ ti ń jáde, n kò ní dá yín dúró mọ́. Ọkọ̀ náà wà níta, ní ẹ̀gbẹ́ igi ńlá yẹn. Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wá wò ó, ẹ fọwọ́ kan íńtákúlà, ẹ fọwọ́ kan wáyà pupa tó nípọn tó lọ sẹ́yìn, òun ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun ní apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì. Wákàtí kan ni mo ti pa á, ó ṣì gbóná. Ìyá mi, bí ẹ bá jẹun tán, mo ti to àga sílẹ̀ fún yín níwájú. Mo máa gbé yín yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.